Orí Ta Ni Ẹrù Àìmọ̀ Òfin Wà?

Nínú gbogbo ohun tí òfin ń sọ, ọ̀kan wà tó le ju ìyókù lọ: kò sí ẹni tó lè fi àìmọ̀ òfin ṣe àwáwí. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni ìlànà yìí ti ṣẹ̀. Faransé gbà á lọ́wọ́ wọn, ìjọba amúnisìn sì gbé e wọ Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Obìnrin tó ń ta aṣọ ní ọjà Ouando, tí kò ka ìwé Faransé rí láyé rẹ̀, òfin kà á sí ẹni tó ti ka ìwé òfin ìṣòwò tán láti orí dé ìdí. Bí ọjọ́ tí òfin dá bá kọjá, tí kò sì tíì ṣe ohun tó yẹ kó ṣe, "mi ò mọ̀" kò lè gbà á sílẹ̀ níwájú adájọ́. Nínú àdúrà wa, ì báà jẹ́ ní mọ́ṣáláṣí, ì báà jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a máa ń tọrọ ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ tí a mọ̀ àti èyí tí a kò mọ̀. A gbà pé àìmọ̀ ní ìyà tirẹ̀, a sì gbà pé àánú wà fún un. Òfin kò ní irú àánú yẹn. Báwo wá ni ohun tó rorò tó báyìí ṣe lè bá òdodo rìn?

Èsì tí àwọn amòfin sábà máa ń fọ̀ ni pé bí kò bá sí ìlànà náà, gbogbo arúfin ni yóò máa sọ pé òun kò mọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdí tí ìlú fi nílò ìlànà náà nìyẹn. Kò sọ ìdí tí ó fi tọ́ kí a gbé e lé obìnrin yẹn lórí. Ohun tí mo rí tó lè mú un tọ́ kò ju ẹyọ kan lọ. A lè sọ fún ẹni tí kò mọ òfin pé ó yẹ kó mọ̀, bí ẹni tó mọ̀ bá wà nítòsí rẹ̀, tí ó lè lọ bi í léèrè, tí èsì tí yóò gbà sì jẹ́ òfin bó ṣe wà lónìí. Bí ẹni tí ó lọ bá kò bá mọ̀ ju òfin àná lọ, ṣe ni a di ẹrù lé e lórí tí a tún fa òṣùká yọ lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe sọ pé gbèsè ni ẹ̀kọ́ tí agbẹjọ́rò, adájọ́, àti àwọn tí èdè Faransé ń pè ní notaire (ẹni tó ń kọ ìwé àdéhùn) àti huissier (ẹni tó ń gbé ìwé òfin lọ fún èèyàn) ń kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti gba ìwé ẹ̀rí wọn. Ẹni tí wọ́n sì jẹ ní gbèsè náà ni ẹni tí kò lè kàwé, ẹni tí òfin ti kà sí ọ̀mọ̀wé láìbi í.

Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti yẹ ní sísọ ju Àjàṣẹ́ lọ, nítorí ibẹ̀ ni ERSUMA wà, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú OHADA, àjọ tó ń mú òfin ìṣòwò wọn ṣọ̀kan, dá sílẹ̀ láti máa tún àwọn adájọ́ àti àwọn tó ń bá ilé ẹjọ́ ṣiṣẹ́ kọ́ ní òfin ìṣòwò. Ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 1993 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn OHADA ní Port-Louis, ní erékùṣù Mauritius. Orílẹ̀-èdè 17 ló sì wà nínú rẹ̀ báyìí. Àdéhùn yẹn fúnra rẹ̀ ló dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Kì í ṣe ohun tí wọ́n rántí lẹ́yìn: bí wọ́n ti ń fi ọ́fíìsì àjọ náà sí Yaoundé, tí wọ́n ń fi ilé ẹjọ́ rẹ̀ sí Abidjan, ni wọ́n ń fi ilé ẹ̀kọ́ sí Porto-Novo. Kéba Mbaye, adájọ́ àgbà ọmọ Senegal tó ṣáájú àwọn tó ṣètò iṣẹ́ náà, mọ ohun tí àwọn oníṣòwò ń ráhùn sí, pé òfin kò dá èèyàn lójú, ìdájọ́ kò sì dá èèyàn lójú. Òfin tuntun lè wo ti àkọ́kọ́ sàn. Èkejì, ẹ̀kọ́ nìkan ló lè wò ó.

Bí òfin ṣe ń yí padà láti ìgbà náà ni kí ẹni tó bá rò pé ìwé ẹ̀rí kan tó èèyàn dọ́jọ́ ikú kíyè sí. Kí OHADA tó dé, òfin tí Faransé ṣe ní 1867 ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí Faransé ti jẹ gàba lé lórí ṣì ń fi darí àwọn ilé-iṣẹ́ alájọpín. Faransé fúnra rẹ̀ ti pa òfin yẹn tì ní 1966, ṣùgbọ́n a ti gba òmìnira nígbà náà, aṣọ tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ ṣì wà lọ́rùn wa. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1998, òfin àjùmọ̀lò lórí ìṣòwò àti lórí ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ìwé tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sì di ìtàn. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ó parí síbẹ̀, wọ́n tún òfin ìṣòwò kọ ní Lomé ní oṣù kejìlá ọdún 2010; ti ilé-iṣẹ́ tẹ̀ lé e ní 2014; ti àwọn tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn ní 2015; ti ìlàjà bọ́ sójú ayé ní 2017; ti gbèsè gbígbà tún yí padà ní 2023. Lódìkejì ẹnubodè Igolo náà, òfin ilé-iṣẹ́ tí Nàìjíríà ṣe ní 1990 ti fàyè sílẹ̀ fún ti 2020. Agbẹjọ́rò tó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní 1996, tó sì ń ṣiṣẹ́ títí dòní, ìwé tí wọ́n fi dán an wò kò sí láyé mọ́, àwọn tó rọ́pò rẹ̀ náà sì ti ní arọ́pò.

Kí èyí má bàa dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé lásán, ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù. Òfin OHADA sọ pé ẹni tó yá ṣọ́ọ̀bù fún sáà kan, tó sì ti ṣòwò níbẹ̀ fún ọdún méjì ó kéré tán, ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n tún àdéhùn náà ṣe fún un. Bí onílé bá kọ̀ láìní ìdí tí òfin gbà, yóò san owó ìtanràn fún un. Ààbò ńlá ni, torí ibi tí oníbàárà mọ èèyàn sí ni ọjà rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ààbò náà ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo: ó gbọ́dọ̀ béèrè, kí ó tó ku oṣù mẹ́ta tí sáà náà yóò parí. Lábẹ́ òfin àkọ́kọ́, huissier ló gbọ́dọ̀ bá a gbé ìbéèrè náà lọ, kò sì lè lọ lófẹ̀ẹ́. Òfin 2010 ní kí ó gba ọ̀nà èyíkéyìí tó bá ti lè fi hàn pé ìwé náà dé ọwọ́ onílé. Bí onílé kò bá sì fèsì títí tó fi ku oṣù kan, a kà á sí pé ó ti gbà. Wàyí o, ẹ fojú inú wo agbẹjọ́rò tí ìmọ̀ rẹ̀ dúró sí 1998. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá tọ̀ ọ́ wá, yóò ní kó lọ wá owó huissier ná. Bí kò bá rí owó náà lásìkò, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti lọ. Bí onílé ló bá tọ̀ ọ́ wá, yóò sọ fún un pé ìwé tí obìnrin yẹn fọwọ́ ara rẹ̀ mú wá kò já mọ́ nǹkan, kó má dá a lóhùn, oṣù náà yóò sì kọjá lórí onílé. Kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Kò gba rìbá. Ó kàn sọ ohun tó mọ̀ ni, ohun tó mọ̀ ló sì jẹ wọ́n lẹ́sẹ̀.

Ǹjẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀? Àwọn àgbà ìrònú ti ronú lé èyí lórí tipẹ́tipẹ́. Aristotle sọ pé àwọn tó ń ṣòfin máa ń fìyà jẹ èèyàn nítorí àìmọ̀ fúnra rẹ̀, bí ó bá jẹ́ òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Ọ̀mùtí lè sọ pé òun kò mọ ohun tí òun ń ṣe, àmọ́ òun náà ló gbé ife sẹ́nu. Thomas Aquinas, tí àwọn Kátólíìkì kò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré, tún là á sí wẹ́wẹ́: àìmọ̀ ohun tí kò pọn dandan fún èèyàn láti mọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ipò èèyàn mú un lọ́ràn-an-yàn láti mọ̀, bí ó bá fi àìbìkítà pàdánù rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, al-Ghazali, tó kú ní 1111, kọ ọ́ pé ìmọ̀ kan wà tó jẹ́ ọ̀ranyàn lórí olúkúlùkù, òmíràn sì wà tó jẹ́ ọ̀ranyàn lórí gbogbo ìlú pọ̀: bí àwọn kan bá gbé e, ó bọ́ lọ́rùn àwọn yòókù, bí ẹnikẹ́ni kò bá gbé e, gbogbo wọn ló jẹ̀bi. Ó ka ìmọ̀ ìṣègùn àti ìṣirò mọ́ ọn, nítorí ìlú kò lè dúró láìsí wọn. Mo rò pé ní ìlú bíi Àjàṣẹ́, tí òwò ti ń gbé ró láti ayé àwọn ọba, òfin ìṣòwò yẹ kó wà nínú ẹgbẹ́ yẹn. Èrò yìí ló sún mọ́ ti èmi jù lọ, nítorí ó jẹ́ kí a rí i pé ẹni tó gba iṣẹ́ náà gbé ẹrù gbogbo wa. Bí ó bá sọ ọ́ kalẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́, a kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ó ti padà sí orí wa.

Ifá náà wà níbẹ̀, òun ló sì kọ́ mi ní ohun tí àwọn yòókù kò sọ. Odù jẹ́ 256, ẹsẹ inú wọn kò lóǹkà, kò sì sí babaláwo tó lè yangàn pé òun mọ̀ wọ́n tán. Wándé Abímbọ́lá, tó lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìwádìí Ifá, ṣàlàyé pé ẹ̀kọ́ babaláwo kì í parí lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá tú u sílẹ̀. Yóò tún máa lọ bá àwọn mìíràn kọ́ ohun tí ọ̀gá tirẹ̀ kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n bá pé jọ, tí ọ̀kan ń sun ìyẹ̀rẹ̀, àwọn tó kù yóò máa gbè é bó bá tọ̀nà, wọn yóò sì dá a dúró bó bá ṣì í. Ẹ ronú sí i dáadáa. Níbẹ̀, ẹni tó ti di àgbà ni wọ́n ń dán wò, ní gbangba, lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, títí láé. Wọn kì í bi í pé wákàtí mélòó ló fi jókòó.

Mo mẹ́nu ba wákàtí nítorí pé ibẹ̀ ni àtakò tó wúwo jù wà. Àwọn kan á ní, a ti rí àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí: èèyàn á wá, á fọwọ́ sí ìwé, á jẹun ọ̀sán, á gba owó ìrìnnà, á sì gbé ìwé ẹ̀rí lọ kọ́ sára ògiri. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ní Faransé, 20 wákàtí lọ́dún ni òfin béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò. Ní Nàìjíríà, ìlànà ìwà agbẹjọ́rò ti 2007 ti sọ ọ́ di dandan kí ẹni tó bá fẹ́ máa ṣiṣẹ́ kópa nínú ẹ̀kọ́ àtìgbàdégbà tí ẹgbẹ́ wọn ṣètò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn agbẹjọ́rò tí wọ́n ń pè ní solicitor máa ń ka 16 wákàtí lọ́dún, títí di oṣù kọkànlá ọdún 2016 tí àwọn alábòójútó wọn pa kíkà wákàtí tì, tí wọ́n ní kí olúkúlùkù wo iṣẹ́ rẹ̀, kó mọ ibi tó kù sí, kó sì kọ́ ohun tó kù. Àwọn kan rí èyí bí ìjọ̀wọ́. Lójú tèmi, ìjẹ́wọ́ ni: wọ́n jẹ́wọ́ pé àga ni wákàtí ń wọ̀n, kì í wọn orí. Ṣùgbọ́n a ò lè tìtorí pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ burúkú wà ká sọ pé gbèsè kò sí mọ́. Ẹni tí wọ́n fi owó ayédèrú san gbèsè fún, owó rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn onígbèsè. ERSUMA ti lo ọgbọ́n kan tó sún mọ́ ti àwọn babaláwo, ìyẹn kíkọ́ àwọn tí yóò padà sílé lọ kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ẹni tó mọ̀ pé òun máa tó dúró níwájú àwọn adájọ́ ìlú òun láti ṣàlàyé òfin gbèsè tuntun kò ní sùn lórí àga.

Àtakò kejì ti ẹnu àwọn àgbà wá, ó sì ní ọ̀wọ̀: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Adájọ́ tó ti jókòó fún ọgbọ̀n ọdún mọ ojú òpùrọ́. Ó mọ ìgbà tí àdéhùn kan ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ó mọ ìwà àwọn agbẹjọ́rò ìlú rẹ̀. Ìyẹn kò sí nínú ìwé òfin, kò sì sí ilé ẹ̀kọ́ tó lè fún èèyàn. Ṣùgbọ́n ìrírí tí a bá ní lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti pa rẹ́ ń mú àṣìṣe yára ni, ó sì ń mú un dájú lójú ẹni tó ń ṣe é. Bí ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ bá dé Abidjan, ilé ẹjọ́ OHADA lè fagi lé e, ṣùgbọ́n ta ló ní owó àti ọdún tí yóò fi lépa ẹjọ́ dé Abidjan? Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ ni. Ẹni tí kò ní, àṣìṣe adájọ́ àkọ́kọ́ ni òfin tirẹ̀. Àwọn kan á tún ní, ìwé òfin wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí èèyàn wò ó nígbà tó bá nílò rẹ̀. Èmi bi wọ́n pé, ta ní ń wá ohun tí kò mọ̀ pé ó wà? Òfin 2015 fún oníṣòwò tí gbèsè ń bọ̀ lọ́nà láàyè láti wá alárinà tí yóò bá òun àtàwọn tó jẹ lówó sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kí gbèsè tó gbé e dè. Agbẹjọ́rò tí kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí kò ní tẹ orúkọ rẹ̀ sínú fóònù. Yóò jókòó ti oníbàárà rẹ̀ títí ilé-iṣẹ́ náà yóò fi wó, tọkàntọkàn sì ni yóò fi bá a kẹ́dùn.

Ọ̀rọ̀ owó kù, mi ò sì fẹ́ fò ó. Agbẹjọ́rò tó bá san owó ẹ̀kọ́ yóò gbà á padà lára oníbàárà, wọ́n á ní a tún ti dá ẹrù náà padà sí orí tálákà. Ṣùgbọ́n àjọ OHADA ti dáhùn èyí fúnra rẹ̀, bóyá láìmọ̀. Ní 2003, ó gbé ìlànà kan kalẹ̀ pé kí wọ́n máa yọ 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún lórí iye owó ọjà tó bá ti ìta àwọn orílẹ̀-èdè àjọ náà wọlé, kí wọ́n fi máa gbọ́ bùkátà àjọ náà, ilé ẹ̀kọ́ Porto-Novo sì wà nínú bùkátà yẹn. Nínú ọjà mílíọ̀nù kan fránkì, 500 fránkì nìyẹn. Níbi tí wọ́n bá ti ń gba owó náà, ẹni tó ń ra ìrẹsì Éṣíà àti aṣọ òkè òkun ló ń san án níkẹyìn. Obìnrin Ouando tí òfin kà sí ọ̀mọ̀wé ti dá owó ilé ẹ̀kọ́ fún adájọ́ rẹ̀. Ó ti san tirẹ̀.

Kí ló wá kù tí wọn kò tíì san fún un? Èdè ni. Nígbà tí wọ́n tún àdéhùn OHADA ṣe ní Québec ní 2008, wọ́n fi èdè mẹ́ta kún Faransé tó ti ń nìkan jẹ ọ̀nà: Gẹ̀ẹ́sì, Spéènì àti Potogí. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gba orí òkun wọlé. Kò sí Gùn níbẹ̀, kò sí Yorùbá, kò sí èyíkéyìí nínú èdè tí wọ́n fi ń dúnàádúrà ní Ouando tàbí Adjarra. Mo mọ ohun tí wọn yóò sọ, pé òfin nílò ọ̀rọ̀ tó mú ṣáṣá, tí ìtumọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀, àti pé orílẹ̀-èdè 17 kò lè kọ òfin kan ní ọgọ́rùn-ún èdè. Mo gbà. N kò ní kí wọ́n fi Yorùbá kọ òfin náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀kọ́ tí ẹni tó gbà á kò lè sọ lédè ẹni tí ó jẹ ní gbèsè kò tíì parí, bí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ tilẹ̀ ní òǹtẹ̀. Wákàtí tó gbẹ̀yìn nínú gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Porto-Novo ni ǹ bá fi síbẹ̀: kí adájọ́ tàbí agbẹjọ́rò kọ̀ọ̀kan ṣàlàyé abala òfin tuntun kan ní èdè ìyá rẹ̀ fún ẹni tí kò ka ìwé, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó gbọ́ èdè náà máa gbè é bó bá tọ̀nà, kí wọ́n sì dá a dúró bó bá ṣì í. Kò ní gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Lórí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó lè lọ báyìí: "Ìyá, bí ẹ bá ti lo ọdún méjì níbẹ̀, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti dúró. Kó tó ku oṣù mẹ́ta tí ìwé yín yóò parí, ẹ kọ lẹ́tà sí onílé, kí ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí i pé ó tẹ òun lọ́wọ́, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bó bá dákẹ́ títí tó fi ku oṣù kan, ó ti gbà nìyẹn."